Àṣírí àgbẹ̀ ni àbí awo ìjọba? Ọ̀rọ̀ lórí owó àjálù

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ní nǹkan mìíràn ni òun ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí òun fi já sí ojú ewé kan tí orúkọ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kún inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè tẹ orúkọ àgbẹ̀ kan síbẹ̀, kó sì rí iye owó tí ìjọba àpapọ̀ ti san fún un láti ọdún 1995. Ó tẹ orúkọ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, gbogbo owó ọ̀dá òjò tí ọkùnrin náà ti gbà sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tọdún tọdún. Ojú ti òun tó ń wò ó, ó yára pa kọ̀ǹpútà dé. "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà," ó kọ ọ́ báyìí, "ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń tú àṣírí ọmọlúàbí síta ni? Ẹni tí ọ̀dá ti pa màlúù rẹ̀, ṣé ó tún yẹ kí gbogbo ayé mọ iye tí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́?"

Ìbéèrè ọmọ dáadáa ni. Mo ti dá a lóhùn ní ṣókí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dáhùn ní kíkún níbí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò gbè sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ò gbè é tán. Mo gbà pé àgbẹ̀ ní àṣírí tó yẹ ká bò. Ohun tí n kò gbà ni pé orúkọ rẹ̀ àti iye owó tó gbà nínú àpò gbogbo wa wà lára rẹ̀. N kì í ṣe agbẹjọ́rò o, n kò sì mọ oko ro dáadáa. Bàbá mi ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Nínú ọ̀ràn yìí, orí ọ̀rọ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú "àṣírí" fúnra rẹ̀. Kì í ṣe tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ Hausa la ti yá a, àwọn náà yá a lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá, níbi tí wọ́n ti ń pe ohun ìkọ̀kọ̀ ní sirr. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Yorùbá wá sọ ọ́ dà. Bí obìnrin kan bá ní "Ọlọ́run bo àṣírí mi", kò ní i lọ́kàn pé òun dẹ́ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé owó ilé-ìwé ọmọ òun ti pé, ọwọ́ òun ṣófo, owó kan sì yọ láti ibi tí òun ò fojú sí kí wọ́n tó lé ọmọ wálé. Àṣírí níbí yìí ni àìní tí aládùúgbò ò tíì rí. Ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́ ti bo àṣírí rẹ. Ẹni tó wá ń ròyìn ìrànlọ́wọ́ náà ká ìlú ti tú u. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ti akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kejì wà tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà: awo. Ẹnì kan ṣoṣo lè ní àṣírí. Awo kì í ṣe bẹ́ẹ̀; ẹgbẹ́ ló ń ní in. Ó ní àwọn tó wọlé sí i, ó ní ilẹ̀kùn, ó sì ní ìyà fún ẹni tó bá là á fún ọ̀gbẹ̀rì. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. N kò bú awo, ìlú ò lè ṣe kó má ní tirẹ̀. Àmọ́ agbára ló ń dáàbò bo awo, àìlágbára ló sì ń mú ká bo àṣírí. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá wá di ìwé mọ́ àyà tó ní "àṣírí ni o", ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì ló ń sọ.

Ó tún kan irú owó tí à ń sọ. Gbà-má-bínú ni owó tí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ń san fún ọ. Inṣọ́ránsì, tí àwọn akọ̀ròyìn wa ń pè ní ìdójútòfò, ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ ti dá owó sílẹ̀ fún kí aburú tó dé. Owó àjálù kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ìjọba kọ́ ló dá òjò dúró, àgbẹ̀ ò sì san ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ìrànwọ́ ni, láti inú àpò gbogbo ìlú. Ní ti àpò gbogbo ìlú, Yorùbá ti ní àṣà tirẹ̀ tipẹ́. Nínú èésú, gbogbo wa la mọ ẹni tó kó o lóṣù yìí, a mọ iye rẹ̀, a mọ ẹni tó kàn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó èésú ní wọ́n tú àṣírí òun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà níbi tí ìbéèrè ti wá. Bí àjálù bá ba oko jẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà pàtàkì méjì ni owó ìjọba ń gbà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Èkíní ni inṣọ́ránsì irè oko: àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń tà á, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ nínú owó rẹ̀, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ní ìpíndọ́gba. Èkejì ni owó àjálù fúnra rẹ̀. Ọ̀dá mú, tàbí ìjì líle jà, àwọn aṣòfin á ya owó sọ́tọ̀, USDA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, á sì pín in. Owó kékeré kọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nǹkan bí bílíọ̀nù 21 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdánù tí àwọn àgbẹ̀ rí nínú àjálù ọdún 2023 àti 2024.

Kí ni ará ìlú fi ń mọ̀ bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé ibi tí wọ́n ní ó ń lọ? Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ.

Ní ọdún 2002, ọ̀dá mú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Ìjọba Ààrẹ George W. Bush sáré dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń sin màlúù, wọ́n pè é ní Livestock Compensation Program. Compensation, gbà-má-bínú: ẹ rí i pé orúkọ náà ti ṣini lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kejì, àwọn aṣòfin fẹ̀ ẹ́ sí i. Ètò náà kò ní kí ẹnikẹ́ni fi hàn pé màlúù òun kú tàbí pé koríko òun gbẹ. Tí o bá ti ní ẹran ọ̀sìn, tí oko rẹ sì wà ní kántì tí ìjọba kéde pé àjálù ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó parí. (Kántì lọ́hùn-ún dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.) Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tán, kò pọn dandan mọ́ kí àjálù tí wọ́n kéde náà jẹ́ ọ̀dá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia tó ń bọ̀ láti òfurufú jíjìnnà fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà Texas. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Àfọ́kù rẹ̀ já bọ́ sínú igbó àti oko ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ìjọba sì kéde àjálù níbẹ̀ kí wọ́n lè rówó ṣa àwọn àfọ́kù náà jọ. Kò burú, ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe ni. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kan náà ló sọ àwọn tó ń sin màlúù ní agbègbè náà di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀dá. Òjò ì báà rọ̀, ì báà má rọ̀, ṣẹ́ẹ̀kì ń bọ̀.

Oṣù Keje ọdún 2006 ni ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nínú ọ̀wọ́ ìròyìn tí Dan Morgan, Gilbert Gaul àti Sarah Cohen kọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé bílíọ̀nù 1.2 dọ́là ni ètò màlúù yẹn ná láàárín ọdún méjì, àti pé mílíọ̀nù 635 nínú rẹ̀ lọ sí àwọn ibi tí ọ̀dá ò ti le tàbí tí kò tilẹ̀ sí rárá. Ó lé ní ìdajì. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jalè o. Àwọn tó gba owó náà gbà á lábẹ́ òfin. Èmi náà, bí wọ́n bá fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ sí mi, ó ṣeé ṣe kí n gbà á. Òfin ni kò dára, kò sì sí ohun tó lè fi àìdára rẹ̀ hàn ju pé kí ènìyàn gbé àkọsílẹ̀ owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ọ̀dá: ta ló gbà á, ibo ló wà, èló ni, ṣé òjò kọ̀ níbẹ̀. Ká ní USDA ti fi ìwé náà ṣe awo ni, iye àpapọ̀ nìkan la ì bá mọ̀. Bílíọ̀nù 1.2 fún àwọn tí ọ̀dá mú. Ta ni yóò fẹ́ bá irú àánú bẹ́ẹ̀ jà?

Ìwé náà ò ṣàdédé wà ní gbangba. Ìwé ìròyìn yẹn kan náà ti gbé USDA lọ sílé ẹjọ́ lórí orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ òwú. USDA ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wọn ni. Ní 1996, ilé ẹjọ́ ní Washington dá a pé ẹ̀tọ́ ará ìlú láti mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú tẹ̀wọ̀n ju ìkọ̀kọ̀ yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ aládàáni kan, Environmental Working Group, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkọsílẹ̀ owó àwọn àgbẹ̀ lábẹ́ òfin FOI ilẹ̀ wọn, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2001. Ibẹ̀ ni ọmọ wa já sí.

Àwọn òkú náà kò gbẹ́yìn. Ní 2007, GAO, tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn yẹ ìnáwó wò, ròyìn pé láti 1999 sí 2005, USDA san bílíọ̀nù 1.1 dọ́là owó àgbẹ̀ lórúkọ àwọn ènìyàn 172,801 tó ti kú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àṣìṣe, torí òfin gba pé kí wọ́n máa san owó sínú ogún olóògbé fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kú fún ọdún méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ nìkan ló lè tú irú èyí fó. Iye àpapọ̀ kì í kú.

Títí dé ibi yìí, ẹ lè rò pé torí àwọn tó gba ohun tí kò yẹ wọ́n ni mo ṣe fẹ́ kí ìwé wà ní gbangba. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ká mi lára jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni mo ń rò.

Ní 1997, àwọn àgbẹ̀ adúláwọ̀ gbé USDA lọ sílé ẹjọ́, nínú ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Pigford. Ẹ̀sùn wọn ni pé láti 1981 sí 1996, àwọn ọ́fíìsì USDA ní kántì kò ṣe é dọ́gba láàárín àwọn àti aládùúgbò wọn aláwọ̀ funfun, yálà lórí owó yíyá tàbí lórí owó ìrànwọ́, tó fi mọ́ owó àjálù. Tí wọ́n bá sì kọ̀wé fẹ̀sùn kàn wọ́n, ìwé náà á kàn jókòó síbẹ̀ ni, torí pé ní 1983 ni wọ́n ti tú ọ́fíìsì tó yẹ kó máa gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ká. Ní oṣù Kẹrin 1999, Adájọ́ Paul Friedman fọwọ́ sí àdéhùn kan. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀sùn rẹ̀ múlẹ̀ á gba 50,000 dọ́là, wọ́n á sì dá a sílẹ̀ nínú gbèsè tó jẹ mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ já sí ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní 2010, wọ́n tún fi bílíọ̀nù 1.25 dọ́là kún un fún àwọn tí ìwé wọn pẹ́ kó tó dé.

Kí ni wọ́n ní kí ẹni tó fẹ̀sùn kàn fi hàn? Lára rẹ̀ ni pé kó dárúkọ àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun kan pàtó, tí ipò rẹ̀ jọ ti olùfẹ̀sùn, tí ọ́fíìsì náà sì ṣe dáadáa fún jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Bàbá àgbẹ̀ kan ní Alabama tàbí Mississippi, tí wọ́n ti lé padà ní ọ́fíìsì ní 1984, ni wọ́n ní kó wá sọ orúkọ ẹni tí wọn kò lé padà lọ́dún yẹn, tí ilẹ̀ rẹ̀ àti irè oko rẹ̀ sì jọ tòun. Níbo ni yóò ti rí i? Inú àpótí ìwé ọ́fíìsì tó fẹ̀sùn kàn ni ìdáhùn wà. Ọ̀pọ̀ ló kọsẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan mọ̀ nínú egungun ara wọn pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, wọn kò rí orúkọ kankan tọ́ka sí.

Bí mo bá rántí pé onímọ̀ èdè ni mí, mo máa ń wo ọ̀rọ̀ wa "ojúsàájú" nínú ọ̀ràn yìí. Kò ṣeé sọ nípa ènìyàn kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ẹni méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ojú sáájú àti ẹni tó fò dá. Bí o bá fi ẹni àkọ́kọ́ pamọ́, o ti gba ẹnu ẹni kejì. Nígbà tí ọ́fíìsì bá ní òun ń bo àṣírí àwọn tó gbà, kí á wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ká rí ẹni tí ìbòjú náà ṣú òkùnkùn bá.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí gbogbo ohun tó jẹ́ ti àgbẹ̀ wà ní ìta. Ìbí yìí ni mo ti rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ariwo, ya ilà kan tó dára. Ní oṣù Kejì 2008, ilé ẹjọ́ kan pàṣẹ pé kí USDA fún iléeṣẹ́ kan tó ń ta ìròyìn ní àkọsílẹ̀ oko àwọn àgbẹ̀: ohun tí wọ́n gbìn, bí ilẹ̀ náà ṣe rí, ibi tí ààlà wà lórí máàpù. Inú àwọn àgbẹ̀ ò dùn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin fi abala 1619 sínú òfin àgbẹ̀ tuntun: ohun tí àgbẹ̀ bá sọ fún ìjọba nípa oko rẹ̀, àti máàpù oko rẹ̀, USDA kò gbọdọ̀ fi síta. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ nǹkan kan sílẹ̀ nínú ìdènà yẹn. Orúkọ ẹni tó gba owó, àdírẹ́sì rẹ̀, àti iye tó gbà ṣì lè jáde. Oko rẹ, tìrẹ ni. Owó ìlú, ti ìlú ni.

Ibi tí ilà náà ti wọ́ ni inṣọ́ránsì. Òfin inṣọ́ránsì irè oko wọn kò gbà kí ìjọba dárúkọ àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, omíyalé kan ṣoṣo lè ba oko méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra jẹ́. A ó mọ iye tí ẹni tó gba owó àjálù gbà, a kò ní mọ iye tí ìjọba bá ẹnì kejì san lórí inṣọ́ránsì rẹ̀. Wọ́n á ní àdéhùn òwò ni inṣọ́ránsì, láàárín àgbẹ̀ àti iléeṣẹ́ tó tà á. Ká ní àgbẹ̀ ló ń dá gbogbo owó rẹ̀ san, n ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá ń san ìdá 60 nínú rẹ̀, tí kò sì sí òpin sí iye tí àgbẹ̀ ńlá kan lè rí nínú ìrànwọ́ yẹn, awo lèyí, kì í ṣe àṣírí. Ohun tó tún jọ mí lójú ni pé ní 2022, nígbà tí USDA fẹ́ tètè san owó àjálù, ìwé inṣọ́ránsì àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò láti mọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú ìwé tí a kò gbọdọ̀ rí ni wọ́n ti ṣírò owó tí a lè rí.

Ilẹ̀ Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń tẹ orúkọ gbogbo àgbẹ̀ tó gba owó ìrànwọ́ síta, títí àwọn àgbẹ̀ kan ní Hesse ní Jámánì fi pẹjọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá 2010, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Yúróòpù dá wọn láre: kò tọ́ láti tú orúkọ olúkúlùkù ènìyàn síta láìwo bí owó náà ti tó tàbí iye ìgbà tó gbà á. Nínú òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2013, orúkọ padà sí gbangba, ṣùgbọ́n wọ́n dá àwọn tó gba owó kékeré sí, ìyẹn láti 1,250 yúrò wálẹ̀. Ìlú tí ẹni náà wà ni wọ́n sì ń kọ, kì í ṣe ojúlé rẹ̀. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ní ilé ńkọ́? Ní 2012, omíyalé ńlá ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àjọ NEMA ka òkú 363, àwọn tó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde ìrànwọ́ bílíọ̀nù 17.6 náírà fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ ìjọba. A gbọ́ iye tó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Ọ̀yọ́ àti Kogi wà lára àwọn tí wọ́n yan mílíọ̀nù 500 náírà fún. Ó dára pé a gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kì í gbin iṣu. Láti ìpínlẹ̀ dé ẹsẹ̀ ebè, ọ̀nà jìn, ojú ọ̀nà yẹn sì ni ìbéèrè wà.

Mo ti rin díẹ̀ nínú ọ̀nà náà fúnra mi. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìjì da ọ̀gẹ̀dẹ̀ wó lálẹ́ ọjọ́ kan ní abúlé ìyá mi. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá kọ orúkọ, n kò ní sọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan owó dé fún àwọn kan. Àbúrò mi kan, tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ pátápátá, kò rí kọ́bọ̀. Mo bá a lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọmọ gidi ni. Mo ní kó jẹ́ ká wo ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àṣírí àwọn tó gbà á ni." Mo ní, "Àṣírí ta ni, ọmọ mi? Àwọn tó gbà á ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lọ́jà." Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀, ó ní ọ̀gá òun ló ti ìwé náà mọ́ àpótí. Ọmọ yẹn mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣírí àti awo dáadáa, bó ò tilẹ̀ kọ́ èdè ní yunifásítì.

Ohun kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ rò tí àwa gbọ́dọ̀ rò: àwọn ajínigbé. Kí wọ́n kọ ọ́ síta lónìí pé lágbájá ní abúlé báyìí gba mílíọ̀nù méjì náírà, kó tó di ọjọ́ kẹta wọ́n lè ti gbọ́ nínú igbó. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àwáwí. Nítorí náà, tèmi ni pé kí wọ́n san owó tán, kí oṣù díẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Orúkọ, abúlé, irú àjálù, iye owó: mẹ́rin yìí tó. Nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Owó kékeré, kí wọ́n kà á sétí ìlú ní iwájú ilé baálẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí ìjì jà ní oko rẹ̀ àti ẹni tí kò tilẹ̀ ní oko; kò pọn dandan kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ńlá, pàápàá èyí tó bá lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tàbí àwọn olóyè tó ní oko rẹpẹtẹ, kó wà níbi tí ẹni tó wà ní Texas pàápàá ti lè rí i.

Òfin tí a ó fi béèrè wà. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin FOI tiwa, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ bó ṣe de ti àpapọ̀. O kò ní láti sọ ìdí tí o fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé wọ́n fi í dù ọ́ láìtọ́, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà. Òótọ́ ni pé abala 14 nínú òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, wọ́n sì lè fi lé ọ padà. Ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà ní bí àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún ìlú bá tẹ̀wọ̀n ju ìkọ̀kọ̀ ẹni náà lọ, kí wọ́n fi síta. Ìwọ̀n tí ilé ẹjọ́ Washington lò ní 1996 nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà ni abala 3. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn kó bá òun béèrè. Bó bá sì jẹ́ ẹnu ló fi béèrè ní ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ wà nítòsí abúlé yín, ẹ lè ṣe èyí fún àwọn bàbá àti ìyá wa níbẹ̀. Ìwé náà kò gùn: ẹ dárúkọ àjálù náà àti ọdún tó ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè orúkọ àwọn tó gba owó, abúlé wọn, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, àti orúkọ àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò fún, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ má gbàgbé apá ìkẹyìn yẹn. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí tiyín lára, torí ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé náà ni ọjọ́ méje ti ń bẹ̀rẹ̀.